Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná lẹ́yìn WAEC: ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá?

ÌyáBọ̀dé_Adó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi ti ṣe WAEC, èsì rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ó ní òun kò tíì fẹ́ lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ iná ló wù ú, pàápàá sólà. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti gbà fún un, àmọ́ ẹbí kò gbà. Ẹ mọ Èkìtì wa, orísun ìmọ̀ ni wọ́n ń pè wá, ilé tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n á ní dókítà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé owó ilé ìwé ni kò sí ni.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mi ò sì mọ èyí tí màá mú. Government Technical College wà níbí ní Adó, ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá kan wà ní Ajílósùn tó ní òun náà yóò kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, a ó san owó ìkọ́ṣẹ́, a ó sì ṣe frídọ́ọ̀mù nígbà tó bá parí. Àwọn kan sì tún wà tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní àwọn á fún un ní irinṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Wáyàmán_Baṣírí:

Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kó lọ. Ẹni tó bá máa ṣe wáyà ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí bíríkìlà bá ń mọ ògiri, kó mọ ibi tí páìpù máa gbà kí wọ́n tó rẹ́ ilé. Ó gbọ́dọ̀ rí ilé tí ẹlòmíì ti bàjẹ́: ibi tí wọ́n ti fi wáyà 1.5, èyí tó tín-ín-rín, fa sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí áyọ́ọ̀nù àti fíríìjì sì ti yọ́ ọ sínú ògiri. Gílóòbù la ń fi 1.5 fà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ 2.5, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ 4 ó kéré tán. Ọmọ lè ka èyí nínú ìwé kó gbàgbé. Tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà tó jó jáde nínú páìpù, kò ní gbàgbé mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ló ti máa mọ bí a ṣe ń kọ iye ohun èlò sílẹ̀ fún onílé, bí a ṣe ń dúnàádúrà, bí a ṣe ń fi sùúrù gba owó tó kù.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ọ̀gá náà wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ bi onílé léèrè. Tó bá jẹ́ sólà lọmọ fẹ́, ẹ bi ọ̀gá bó ṣe máa so pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Tó bá so wọ́n tẹ̀léra, fóltéèjì ló máa pọ̀ sí i. Tó bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, áḿpíìsì ló máa pọ̀ sí i. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí máa jó kọntirólà oníbàárà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná wọ bátìrì, ohun tí ọmọ yín náà á sì kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

TísàOníṣẹ́Ọwọ́:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n Wáyàmán, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo ti ń kọ́ni. Ohun tí a ní tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní ni ìṣirò àti físíìsì. Ẹni tó mọ ìṣirò ló lè jókòó, kó ka gbogbo ohun tí ilé kan ń lò, kó sì sọ iye bátìrì tó máa gbé e mọ́jú. Bátìrì oní-12 fóltì mẹ́rin tí a so tẹ̀léra á di 48 fóltì. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ́ 220Ah (Ah ni a fi ń wọn bí bátìrì ṣe tóbi tó), 220Ah náà ni gbogbo wọn ṣì jẹ́. Mo ti rí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé ó ti di 880Ah. Oníbàárà á wá kó ẹrù lé bátìrì lórí, bátìrì á sì kú láìpẹ́ ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tún wà ńbẹ̀. NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń ṣe ìdánwò fún wa. Ìwé ẹ̀rí NTC tí ọmọ máa gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ṣeé fi wọ pọlí, ó sì ṣeé fi wọ yunifásítì lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pé ẹnikẹ́ni kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.

Mi ò ní fi ibi tó kù sí pamọ́ fún yín. Níbi tí mo wà, ẹ̀rọ kan ni gbogbo kíláàsì ń rọ̀gbà yí ká, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í rí ohun tí mo ń ṣe. Irinṣẹ́ tuntun wọlé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ètò IDEAS tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2020 pẹ̀lú 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló kàn, Èkìtì sì wà nínú wọn pẹ̀lú Abia, Benue, Edo, Gombe àti Kano. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tuntun láìsí ilé tí wọ́n ń ṣe wáyà rẹ̀ lọ́wọ́, tí onílé ń dúró tì yín, ìdajì ẹ̀kọ́ ni.

Kẹ́mi_Ìdó:

Mà, ẹ má fi ọmọ sínú ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, àyàfi tó bá ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó kàn fẹ́ fi kún un. Mo ti lọ sí irú rẹ̀ kan, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n kọ́ wa ní ìṣe irun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún olúkúlùkù ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. A kò tíì mọ irun dì dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa kò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò ní iná. Kí oṣù tó parí, àwọn kan ti ta ẹ̀rọ wọn ní ọjà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ebi ló ń pa wọ́n.

Ohun tó dùn mí ni pé ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó mọ iṣẹ́ yìí dénú egungun, tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kún ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní owó yẹn kó fi gbà wá, à bá ti máa fi iṣẹ́ jẹun báyìí. Ìrónilágbára ni wọ́n pè é, ẹnikẹ́ni kò sì padà wá wò wá.

AránṣọÌkẹ́rẹ́:

Kẹ́mi, o kú ìrírí. Ọ̀gá ni èmi náà, mo ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú àwa ọ̀gá àti ojú ọmọ ń rí, torí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ọ̀gá ló dára.

Àwọn ọ̀gá kan ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òbí, wọ́n á wá fi odidi ọdún kan rán ọmọ lọ́jà, wọ́n á ní kó fọṣọ, kó pọnmọ, kó gbálẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì láti gé aṣọ oníbàárà. Ní ọdún kẹta ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré kọ́ ọ ní gígé, nítorí ọjọ́ frídọ́ọ̀mù ti ń bọ̀. Wọ́n á tún gba owó frídọ́ọ̀mù: ọtí, ẹran, aṣọ ẹgbẹ́. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n parí iṣẹ́ tí wọn kò gba frídọ́ọ̀mù nítorí owó àpèjẹ kò sí, tí ọ̀gá sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé wọn. Ìkà gbáà ni. Àwọn ọmọbìnrin ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí tí òbí bá ti rí i pé owó ń ná wọn, wọ́n á ní kó kúkú lọ ilé ọkọ.

Ní ti ọ̀gá náà, ẹ wò ó: ọmọ á dé, kò ní jẹun láti ilé, èmi ni màá bọ́ ọ. Á ba aṣọ oníbàárà jẹ́, èmi ni màá san án. Tó bá ti mọ bùbá àti ìró ṣe, á gba fóònù, á ya fọ́tò iṣẹ́ mi, á lọ dá dúró ní ojú ọ̀nà kejì láìtíì mọ kóòtù ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá kan fi ń fi iṣẹ́ pamọ́. Tí ìwé àdéhùn bá wà, tí ẹlòmíì tó yàtọ̀ sí èmi àti ọmọ bá wà tó máa dán ọmọ wò lọ́dọọdún, kò ní sí ìdí fún ẹnì kankan nínú wa láti fi ohunkóhun pamọ́.

ỌmọÈkìtì_Jámánì:

Ohun tí ìyá aránṣọ sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe ní ibi tí mo wà. Ní Jámánì, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná kì í yan ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀gá, méjèèjì ló ń lọ. Á wà ní ilé iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tó kù. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni ti iṣẹ́ iná. Ilé iṣẹ́ ló ń san owó oṣù fún ọmọ, òbí kì í san owó ìkọ́ṣẹ́. Òfin tó de gbogbo rẹ̀ ti wà láti 1969, àdéhùn sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ti ìdánwò. Kì í ṣe ọ̀gá tó kọ́ ọmọ ló ń dá a nìkan sọ pé ó yege. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní agbègbè ló ń pèsè àwọn tó máa dán an wò. Àwọn ọ̀gá láti ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà níbẹ̀, olùkọ́ náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá fi ọdún mẹ́ta rán ọmọ lọ́jà, ọjọ́ ìdánwò ni àṣírí rẹ̀ máa tú.

Dípọ̀_HND:

Jámánì ní ilé iṣẹ́ tó lè san owó oṣù fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mélòó ló wà ní Adó? Ẹ má bínú, mo ka ẹ̀kọ́ iná ní pọlí, mo ṣe SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ nígbà tí a wà nílé ìwé, mo ní HND. Iṣẹ́ tí mo rí lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ ni mo ti rí i, mo sì tún iṣẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, oníbàárà kò tó. Ẹni tó ní ilé ní Adó ń dúró de owó oṣù, tí owó oṣù bá pẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Èkó àti Àbújá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ wà báyìí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láìsí owó lọ́wọ́ ará ìlú kò lè dá tún nǹkan ṣe.

Àti pé ní ilé ìwé gírámà ló ti yẹ kí gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀. Ní 2011 ni ìjọba mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ẹ̀kọ́ ilé ìwé gírámà àgbà, kí olúkúlùkù ọmọ mú ọ̀kan. Ilé ìwé tí mo lọ mú Data Processing, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí pé kò fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ọwọ́. Orí pátákó ni wọ́n ti ya kọ̀ǹpútà fún wa.

Fẹ̀yìntì_Ọyẹ́:

Dípọ̀, ọmọ mi, ohun tí o sọ nípa kọ̀ǹpútà orí pátákó kò bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀rọ Introductory Technology, ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, láti òkè òkun wá fún àwọn ilé ìwé. Ẹ̀rọ ìgé irin, ẹ̀rọ ìgé igi, gbogbo rẹ̀ dára. Kò sí ilé tí wọ́n máa gbé wọn sí, kò sí iná tí wọ́n máa fi tàn wọ́n, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n lò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú páálí ni wọ́n ti dípẹtà. Ní àkókò kan náà, káfíńtà àti wẹ́dà wà ní gbogbo ìlú Èkìtì, ẹnikẹ́ni kò sì ronú láti pè wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ.

Ó ń dùn mí bí a ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò yẹ ọmọ Èkìtì. Olówè Ìsẹ̀ kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kó padà wálé mọ́, wọ́n fi ìtẹ́ kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ Olówè.

Ní ìlú mi, ní Ọyẹ́, àwọn Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní 1947, ó wà títí di 1954. Fádà Kevin Carroll tó ń bójú tó o kò fi ara rẹ̀ ṣe olùkọ́ igi gbígbẹ́. Ó lọ mú Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógun láti Òsì, pé kó wá jẹ́ ọ̀gá. Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún, tó ti mọ igi gbẹ́ láti ilé bàbá rẹ̀, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Fákẹ́yẹ yìí ló wá di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ wo ètò yẹn dáadáa: ẹni tó lówó àti ibi iṣẹ́ wá ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ lọ, ó fún un ní àyè, ó sì jẹ́ kí ó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí mò ń bẹ ìjọba Èkìtì láti ṣe ní gbogbo ọjọ́ nìyẹn.

Agbaṣẹ́ṣe_Ìkòlé:

Ẹ kú àgbà sà. Mo ń kọ́ ilé, mo sì fẹ́ dá Dípọ̀ lóhùn lórí pé iṣẹ́ kò sí. Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí màá gbé e fún ni mò ń wá. Táìsì ilé tí mò ń ṣe lọ́wọ́, àwọn ọmọ Kùtọnu ló ń lẹ̀ ẹ́. Orí mi kò wú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sanwó fún lára wọn ni pé wọ́n á na okùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo ibi tí omi máa ṣàn sí nínú balùwẹ̀, táìsì tí wọ́n bá gé kò ní hàn ní ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n bá sì ní agogo méje, agogo méje náà ni. Àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ wà, mo sì ń wá wọn kiri, àmọ́ mi ò ní ọ̀nà tí màá fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí pé kí wọ́n kọ́kọ́ ba páálí táìsì mélòó kan jẹ́. Bí ìwé kan bá wà tí mo lè gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹni yìí mọ iṣẹ́, màá san ju bí mo ṣe ń san lọ.

Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ní láti san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún fún ITF, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971. Bí díẹ̀ nínú owó bẹ́ẹ̀ bá ń wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Ìkòlé, àwa tí à ń san án á rí èrè rẹ̀ lójú ara wa.

TísàOníṣẹ́Ọwọ́:

Ìwé tí ẹ̀gbọ́n agbaṣẹ́ṣe ń wá wà o, àwọn èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Ti àtijọ́ ni trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe, láti ìpele kẹta dé ìkíní. Ti ìsinsìnyí ni NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ṣẹ́ tó wà lábẹ́ NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ; ìpele ìpele ni wọ́n pín in sí. Nínú NSQ, wọn kì í béèrè ilé ìwé tí ọ̀gá lọ. Ẹni tó máa yẹ̀ ọ́ wò á wá bá ọ níbi iṣẹ́, á wo bí o ṣe ń ṣe é, á bi ọ́ ní ìbéèrè, á kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ jọ sínú fáìlì, ẹlòmíì á sì tún yẹ òun náà wò. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní láti padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ABD. Fún iṣẹ́ iná, NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀, tún wà tó ń dán àwọn oníwáyà wò tó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọdún kan ní ilé ìkọ́ṣẹ́, oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Inú mi dùn pé ọ̀gá wọ inú ètò. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà kò tó láti kọ́ iṣẹ́ iná láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù pé a tún máa ka orí àwọn ọmọ tó jókòó, a ò ní ka àwọn tó mọ iṣẹ́.

AránṣọÌkẹ́rẹ́:

Tísà, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ èyí ní ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ wa. A ní ẹgbẹ́ ní gbogbo ìlú, a ń ṣe ìpàdé, a ń dáwó. Òkú àti ìgbéyàwó la fi ń ná an jù. Ẹgbẹ́ ló yẹ kó yan àgbà iṣẹ́ tó máa lọ dán ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kí frídọ́ọ̀mù jẹ́ ti ẹni tó yege, kì í ṣe ti ẹni tó ra ọtí.

ÌyáBọ̀dé_Adó:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etí bàbá rẹ̀. A lọ bá ọ̀gá Ajílósùn náà, a bi í ní ìbéèrè pánẹ́ẹ̀lì, ó dáhùn dáadáa, ó tún yà á sílẹ̀ fún wa. Mo bi í bóyá á fún ọmọ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kó máa lọ kọ́ ìṣirò àti físíìsì lọ́dọ̀ olùkọ́, kó lè ṣe ìdánwò NABTEB níkẹyìn. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun gbà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ Sátidé, torí ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ pọ̀ jù. Ó wá bi mí léèrè bí òun náà ṣe lè gba ìwé NSQ yẹn, ó ní wọ́n ti gba iṣẹ́ ilé ńlá kan lọ́wọ́ òun rí nítorí ìwé. Ta ni kó lọ bá?

TísàOníṣẹ́Ọwọ́:

Mà, kó wá bá wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Adó, kó béèrè ọ́fíìsì tó ń rí sí NSQ. Kó mú fọ́tò àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe dání, láti ìgbà tí wọ́n ń fa páìpù títí dé ìgbà tí iná tàn, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn onílé tó lè jẹ́rìí sí i.

Wáyàmán_Baṣírí:

Èmi náà á bá a lọ. Mà, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan: ọdún kìíní páìpù àti wáyà ilé, ọdún kejì bọ́ọ̀dù àti wáyà ilẹ̀, ọdún kẹta sólà àti ínfátà. Ẹ kọ ẹni tó máa ra mítà àti ìbọ̀wọ́ fún un. Ẹ kọ iye owó frídọ́ọ̀mù sí i láti ìsinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má baà wá fi kún un lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ pín owó ìkọ́ṣẹ́ sí mẹ́ta, kí ẹ máa san án bí ọdún bá ṣe ń parí.